Ìgbà Tí Kò Sí Ariwo

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ìtìjú kan ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín. Ní èṣí, iná jó ṣọ́ọ̀bù bàbá mi tí í ṣe télọ̀. Ní ẹni ọdún 54, Bàbá yá ẹ̀rọ ìránṣọ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé wa ní Pópó Yemọja, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣòkòtò yíya ṣe bí ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi wá kí mi láti Yunifásítì, ẹ̀yìnkùlé ni mo mú wọn gbà wọlé, kí wọ́n má baà rí i.

Bàbá àgbà rí ohun tí mo ṣe, ṣùgbọ́n kò bá mi wí. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó ní kí n jókòó, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn Dick Tiger.

Ọmọ Ìgbò ni abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò yìí. Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, ó bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà jà nítorí ìgbànú olúborí ayé ní Liberty Stadium, pápá tí à ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè nísinsìnyí. Bàbá àgbà fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní owó tíkẹ́ẹ̀tì, ìta ló dúró sí. Lẹ́yìn abala keje, Fullmer kò lè jà mọ́. Ariwo ayọ̀ sọ.

Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Joey Giardello gba ìgbànú ọ̀hún ní Amẹ́ríkà. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún méjì kí Tiger tó rí i bá jà padà.

Bàbá àgbà ní, “Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Ańjọ̀fẹ́! Àwa tí a pariwo níjọ́sí náà ni a ń sọ pé ó ti dàgbà jù.”

Tiger kò ṣíwọ́. Joey Archer borí rẹ̀ ní 1964. Òun náà na Rubin Carter ní 1965. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, ní New York, ó gba ìgbànú rẹ̀ padà lọ́wọ́ Giardello. Ẹni ọdún 36 ni. Emile Griffith tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1966, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, Tiger bọ́ sí ẹgbẹ́ àwọn tó sanra jù ú lọ, ó sì borí José Torres ní ẹni ọdún 37.

Mo bi Bàbá àgbà pé, “Èwo ló dùn mọ́ yín jù nínú gbogbo rẹ̀?”

Ó ní, “Ariwo ọjọ́ ìṣẹ́gun, gbogbo ayé ló ń gbọ́ ọ. Ìdárayá tó ń ṣe láàárọ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó, òun ni mo máa ń rò. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.”

A dákẹ́. Ìró ẹ̀rọ bàbá mi ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi tún wá, iwájú ilé ni mo mú wọn gbà. Mo ní, “Ẹ wá kí bàbá mi.” Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Bàbá wo apá ẹ̀wù ọ̀kan nínú wọn tó ti tú, ó na ọwọ́ sí i, ó ní, “Bọ́ ọ wá, ọmọ mi. Kò ní pẹ́.”