Ìdádúró Sẹ́fà fún Yàrá Kọ̀ǹpútà ní Ilẹ̀ Ìlàjẹ

Láti ọdún 2015 tí àjọ JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì sórí kọ̀ǹpútà ni yàrá kọ̀ǹpútà ti di kòṣeémánìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òde Màhín àti gbogbo Ìlàjẹ létí òkun. Ẹ̀rọ tó gbé irú yàrá bẹ́ẹ̀ ró ni sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì, tó sì ń pín iṣẹ́ fún àwọn yòókù.

Ìkéde àti ìdíje àwọn agbaṣẹ́ṣe kí ìjọba tó rajà dára, nítorí owó ará ìlú ni. Àmọ́ ó máa ń fa ìdádúró, bẹ́ẹ̀ náírà ni wọ́n fi ń buwọ́ lu owó sẹ́fà, dọ́là ni wọ́n sì fi ń kó o wọ̀lú. Dọ́là tí kò tó 500 náírà lójú ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí, débi pé owó tó tó ra ẹ̀rọ nígbà ìfọwọ́sí kò lè ra ìdajì rẹ̀ mọ́ nígbà tí ìwé ìfọwọ́sí náà bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò sanwó.

Sẹ́fà àtijọ́ kì í sì í dúró de ènìyàn. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin rẹ̀, ó ń sọ ẹnu wáyà bàbà di aláwọ̀ ewé. Bẹ́ẹ̀ ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows Server 2012, sọ́fítíwíà tó ń darí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, dúró láti oṣù kẹwàá ọdún 2023.

Kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jọ̀wọ́ fi owó sọ́fítíwíà àti iná sólà tí sẹ́fà yóò máa lò sínú ìwé ìbéèrè kan náà pẹ̀lú owó sẹ́fà, kí wọ́n sì tètè san án.