Ẹ̀rí Inú Omi

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí ó máa ń rọrùn fún àgbàlagbà láti sọ lójú ọmọdé. Mo dá ẹjọ́ kan ní ilé ara mi ní ọdún 2016. Èmi ni olùpẹjọ́, èmi ni ẹlẹ́rìí, èmi náà sì ni adájọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ẹni tí mo dá lẹ́bi. Ẹja ni ó sì fa gbogbo rẹ̀. Má ṣe rẹ́rìn-ín. Gbọ́ mi ná.

Mo ní àpótí gíláàsì kan ní pálọ̀ mi ní Èkó, tí ó ń gba 200 lítà omi. Omi inú rẹ̀ kì í ṣe omi lásán bí ti àwọn tí ń sin ẹja odò. Omi iyọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ti òkun. Iyọ̀ òkun gbígbẹ ni mo máa ń rà, tí mo sì ń pò mọ́ omi tí a ti sẹ́ dáradára, 35 gíráàmù sí lítà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó ń gbé inú rẹ̀ ní ọdún náà ni ẹja kékeré méjì aláwọ̀ ọsàn tí ó ní ìlà funfun mẹ́ta lára, ẹja pẹlẹbẹ kékeré kan aláwọ̀ ìyeyè, ẹja ńlá kan aláwọ̀ aró, edé márùn-ún, àti ìgbín òkun mélòó kan tí ń rìn lára gíláàsì ní gbogbo òru bí ẹ̀ṣọ́.

Ẹni tí kò bá tíì sin irú ẹja bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé ohun ìṣeré ni. Òkun tóbi, bí ẹja kan bá kú sínú rẹ̀, òkun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú 200 lítà omi, òkú ẹja kan ṣoṣo tí ó bá há sẹ́yìn òkúta lè ba gbogbo omi jẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìgbẹ́ ẹja, àjẹkù oúnjẹ àti òkú, gbogbo wọn ni ń di amóníà, májèlé gidi sì ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé lára òkúta àti nínú iyanrìn ni ó ń sọ amóníà yìí di ohun tí kò burú tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì tó pọ̀ tó nínú àpótí titun, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà tí ẹni tí ó ni àpótí kò gbọdọ̀ kánjú kó ẹja sínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀, kí ó lọ ra àwòrán ẹja, kí ó fi kọ́ ara ògiri.

Afẹ́fẹ́ tún wà níbẹ̀. Omi iyọ̀ kì í gba ọ́síjìn tó bí omi odò ti ń gbà á, bí omi bá sì ti ń móoru sí i ni èyí tí ó ń gbà ń dínkù sí i. Nítorí náà ni a fi ń lo ẹ̀rọ kékeré kan tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi lọ́sàn-án àti lóru. Ní ọdún 1846, nígbà tí kò tíì sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Anna Thynne, aya àlùfáà, kó àwọn ẹ̀dá iyùn kéékèèké láti Torquay ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ilé rẹ̀ ní London, ó sì tọ́jú wọn láàyè sínú omi iyọ̀. Ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ kékeré kan ni ó máa ń da omi náà láti inú ohun èlò kan sí èkejì, lọ bọ̀, lẹ́bàá fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀, fún bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú omi. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń yin Anna Thynne, tí ìyìn sì tọ́ sí i, apá ọmọ náà ni èmi máa ń rántí.

Èmi náà ní ọmọ tí ń ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni. Ìyá rẹ̀ ń gbé ní Ìbàdàn, ó sì fi í sọ́dọ̀ mi kí ó lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkó. Ó wà ní kíláàsì kejì nígbà náà. Bí omi àpótí ti ń fà lójoojúmọ́, omi nìkan ni ó ń lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Nítorí náà omi tí kò ní iyọ̀ ni a fi ń dí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iyọ̀ yóò máa pọ̀ sí i títí yóò fi pa ohun tí ó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ náà ni èyí ní àràárọ̀ kí ó tó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Òun náà ni ó ń fún wọn ní oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́. Ó mọ edé kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Èmi tí mo fi owó rà wọ́n kò mọ̀ wọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Keje, nígbà tí òjò ti sọ àdúgbò wa di adágún, ẹ̀fọn bò wá. Iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà bu epo bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀, ó tan án, lẹ́yìn náà ó fún àwọn ẹja ní oúnjẹ. Tẹ́lẹ̀, iyàrá nìkan ni mo máa ń fín oògùn ẹ̀fọn sí. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà mo pa fèrèsé pálọ̀ dé, mo fín in láti igun dé igun, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì lọ jókòó sí iyàrá mi.

Ó tó bí agogo mẹ́sàn-án kí ọmọ náà tó kan ilẹ̀kùn mi. “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo àwọn edé. Wọ́n ń ta pọ́nún, wọ́n ń dojú dé, ara wọn sì ń gbọ̀n.” Ó ti rẹ̀ mí. Mo sọ fún un pé ojú oorun ni ó fi ń wo edé, kí ó lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, edé márààrún ti kú. Ẹja aláwọ̀ ìyeyè dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn, ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ ọsàn sì há sí ẹnu asẹ́. Àwọn náà ti kú. Owó tí mo ti ná wá sí mi lọ́kàn, àti ọdún méjì tí mo fi tọ́jú wọn. Ojú mi kò lọ sí ibòmíràn ju ọwọ́ ọmọ náà lọ. Ta ni ó fi ọwọ́ kan epo lánàá? Ta ni ó tún ti ọwọ́ bọ inú àpótí lẹ́yìn náà?

“O kò fọ ọwọ́ rẹ,” ni mo wí.

Ó dọ̀bálẹ̀. “Mo fọ̀ ọ́, Bàbá, mo sì fi omi ṣan ọṣẹ rẹ̀ kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ojú omi. Bí epo bá wọ inú rẹ̀, ṣebí yóò léfòó, yóò sì máa dán bí òṣùmàrè? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni ó sọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí epo mọ́tò lójú àbàtà lẹ́yìn òjò mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìbínú bá ti dí etí, àfojúdi ni àlàyé máa ń jọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan náà. Mo pè é ní òpùrọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú mo gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ìdánwò ìparí ọdún ku ọjọ́ mẹ́jọ. Mo mọ̀, mo sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ kò bìkítà fún ohun olóhun, ó sì ń purọ́ mọ́ ọn. Àbúrò mi kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fi orí jì í.” Mo wọ ọkọ̀ mi, mo sì padà sí Èkó.

Mo pààrọ̀ ìdajì omi àpótí. Ní oṣù Kẹjọ mo ra edé méjì titun. Fún ọjọ́ mẹ́wàá wọ́n ń jẹ, wọ́n ń rìn, ara wọn dá ṣáṣá. Ní ọjọ́ kọkànlá mo gba àlejò kan tí yóò sùn ní pálọ̀, mo sì fín oògùn ẹ̀fọn níbẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní òwúrọ̀, edé méjèèjì ti kú. Mo wo yíká ilé. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ tí mo lè na ìka sí.

Mo fa àga, mo jókòó níwájú gíláàsì, mo sì ṣe ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́. Fi ọkàn sí ibí yìí, nítorí bí ìwọ náà bá ní ohun ọ̀sìn lọ́jọ́ kan, ìbáà ṣe ẹja, ìbáà ṣe adìẹ, ó lè wúlò fún ọ. Bí wọ́n bá ṣàdédé kú, kí o tó bèèrè pé ta ni ó pa wọ́n, bèèrè pé èwo ni ó kọ́kọ́ kú, èwo ni ó tẹ̀ lé e, èwo ni ó sì yè. Bèèrè ohun tí ó yí padà nínú ilé láti àná. Òkú ń jẹ́rìí nípa bí wọ́n ti tò.

Bí ó bá jẹ́ àìtó ọ́síjìn ni, ẹja tí ó tóbi jù ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, a ó sì ti rí àwọn yòókù lójú omi tí wọ́n ń la ẹnu fún afẹ́fẹ́. Ẹja ńlá mi aláwọ̀ aró wà láàyè nígbà méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ amóníà ni, omi àyẹ̀wò tí a ń kán sínú ìgò yóò yí àwọ̀ padà. Mo kán an, kò yí padà. Mo wo ooru omi: 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí ó ti yẹ. Mo wọn iyọ̀, ó pé. Àrùn ńkọ́? Àrùn kì í pa edé márùn-ún ní òru kan, kí ó tún lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ó bá jẹ́ bàbà ni, irin pupa tí a fi ń ṣe wáyà iná, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ikú fún ọ̀pọ̀ ohun tí kò ní eegun nínú òkun, ìgbín ì bá ti kú pẹ̀lú edé. Ìgbín ń rìn lára gíláàsì ní iwájú mi bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Kí ni ó ń pa edé kíákíá, tí ó ń pa ẹja kéékèèké tẹ̀ lé e, tí kò sì rí ìgbín gbé ṣe? Bí mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí ni ohùn ọmọ náà padà sí mi létí: wọ́n ń dojú dé, ara wọn sì ń gbọ̀n. Mo ti rí i rí, kì í ṣe lára edé. Bí ẹ̀fọn ti ń ṣe nílẹ̀ nìyẹn nígbà tí oògùn bá bà á.

Ìbátan ni edé àti ẹ̀fọn. Eegun àwọn méjèèjì wà ní ìta ara wọn, ẹsẹ̀ wọn sì ní oríkèé. Irú oògùn tí mo ń fín máa ń da iṣan ìmọ̀lára kòkòrò rú títí yóò fi gbọ̀n kú. Bí ó bá dé inú omi, kò mọ edé yàtọ̀ sí ẹ̀fọn, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹja rárá. Mo wólẹ̀, mo wo abẹ́ àpótí. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ pálọ̀ ni ó ń fà, òun náà ni ó sì ń tì sínú omi. Mo ti pa fèrèsé dé, mo sì ti fi oògùn kún pálọ̀ fún un kí ó máa fà. Mo mú agolo náà, mo wọ awò ojú mi. A kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé kí a bo àpótí ẹja, kí a sì pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí a tó fín oògùn. Èmi tí mo ti ka ìtàn Anna Thynne tán, n kò ka ẹ̀yìn agolo.

Èyí tí ó kan omi rọrùn. Mo ṣí fèrèsé, mo yọ òkú, mo fi omi titun tí iyọ̀ àti ooru rẹ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba rọ́pò ìdá mẹ́ta omi náà, mo sì fi èédú tí a ṣe fún sísẹ́ omi sínú asẹ́ kí ó lè fa ìyókù májèlé. Ẹja aláwọ̀ aró àti aláwọ̀ ọsàn kan tí ó kù kò kú.

Lẹ́yìn náà mo lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà, mo sì ro ẹjọ́ fún un. Ó fi sùúrù gbọ́ mi tán. Ó ní àánú ọmọ náà ṣe òun, ṣùgbọ́n ẹni tí kò jókòó sí ìdánwò kò lè gòkè. N kò bá a jiyàn.

Ní Ìbàdàn mo bá ọmọ náà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ. Àwa àgbà ní ọ̀nà tí a máa ń gbà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé láìla ẹnu: a ó ra bàtà fún un, a ó fún un ní owó, a ó bi í bóyá ó ti jẹun. Bàtà náà wà nínú ọkọ̀ mi. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo pe ìyá rẹ̀ jáde, nítorí pé níwájú ìyá rẹ̀ ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́, mo sì sọ pé èmi ni mo pa edé. Pé ọmọ náà kò purọ́. Pé ó wá pè mí ní alẹ́ ọjọ́ náà, n kò sì dìde. Mo sọ ohun tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wí pẹ̀lú. Àbúrò mi sunkún. Ọmọ náà kò sunkún. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá,” ní ohùn tí n kò lè sọ fún ọ títí di òní bóyá ìdáríjì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bèèrè bóyá ẹja aláwọ̀ ọsàn kejì ṣì wà láàyè. Mo ní ó wà.

Ó padà sí Èkó ní oṣù Kẹsàn-án. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó dé, ó gba owó rọ́bà gígùn lọ́wọ́ mi, ó sì gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kúrò lábẹ́ àpótí lọ sí ojú fèrèsé, níbi tí yóò ti máa fa afẹ́fẹ́ ìta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó bu omi sí àpótí, ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì lọ jókòó sí kíláàsì kejì.