Ẹni Tí Ọkọ̀ Mọ̀

Ohun kékeré kan wà nínú ọkọ̀ mi tí kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi láti ọjọ́ tí mo ti rà á wá sílé ní Thamesmead, ohun tí ẹlòmíràn lè wa ọkọ̀ náà fún ọdún gbọọrọ láìkà á sí, nítorí kì í pariwo, kì í sì í dá ẹnikẹ́ni dúró. BMW M3 ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní E46, tí àwọn ará Munich gbé jáde ní ọdún 2000, tí wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2006. Bí a bá ṣíná sí i ní òwúrọ̀, àwọn iná wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ọsàn a tàn yí etí aago tí ń ka bí ẹ́ńjìnì ti ń yí, wọn a sì tò lọ títí dé ìtòsí ibi tí àmì pupa gbé bẹ̀rẹ̀ ní 8,000. Bí ọ́ìlì bá sì ti ń móoru, wọn a máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ẹ́ńjìnì ń fún òun ní àyè díẹ̀díẹ̀. BMW M5 tí ó jáde ní 1998 náà ní irú rẹ̀.

Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé àwọn tí ó ṣe é, tí wọ́n mọ agbára ẹṣin 343 tí wọ́n dì sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ní ọgbọ́n tí a lè fi so awakọ̀ lọ́wọ́, kò so ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí iná gbé tàn, ọkọ̀ yóò gbà fún un. Bí àgbà tí ó kìlọ̀ fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó sì mójú kúrò, ni iná náà rí.

Ìdí tí a fi ní láti dúró kò ṣòro láti mọ̀. Irin dídà ni àgbá ẹ́ńjìnì náà, alumíníọ́mù sì ni písítìnì rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í fẹ̀ lọ́gbọọgba bí ooru bá ń mú wọn, a sì gbọ́dọ̀ fún wọn láàyè kí wọ́n bára mu. Ọ́ìlì 10W-60 tí a ń dà sí i nípọn púpọ̀ nígbà òtútù, kì í tètè ṣàn bí ó ti yẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn bíárìn inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọ́ìlì yìí nìkan ni ó wà láàrin wọn àti ìparun. Kò sí ẹni tí ó ní irú ọkọ̀ yìí tí kò gbọ́ ọ̀ràn bíárìn: ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ pe ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ tà padà, ó sì pààrọ̀ tiwọn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ni àwọn baba wa wí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí irin mìíràn tí ó fi iná kọ òwe náà sí ojú ara rẹ̀.

Àwọn ènìyàn a máa bi mí léèrè, pàápàá àwọn ìyá ìjọ wa, pé kí ni mò ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Woolwich, níbi tí ọ̀pọ̀ àdúgbò kò gbà ju máìlì 20 ní wákàtí kan lọ. Èsì mi ni pé kì í ṣe eré sísá ni ó kọ́kọ́ mú mi nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé púpọ̀ nínú adùn ọkọ̀ náà ni mo ń jẹ nígbà tí ó wà lórí ìdúró, tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí tí mo jókòó sínú rẹ̀ tí mò ń dúró dè é. Ìlú yìí ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń gbà bá onímọ́tò sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ ààlà owó èéfín dé òpópónà South Circular ní oṣù Kẹwàá 2021, John Wilson Street ní Woolwich, tí ó wà lára òpópónà náà, di ẹnu ibodè: ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá yẹ, tí ó sì kọjá sí apá ìwọ̀-oòrùn, £12.50 di gbèsè lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nígbà tí ẹni tí ó yà sí apá Plumstead kò san kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2023 ni ààlà náà bo gbogbo Lọ́ńdọ̀nù mọ́lẹ̀. N kò bá òfin náà jà, nítorí èémí ọmọdé ju ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í dámọ̀ràn, àṣẹ ni ó ń pa, ẹni tí a bá sì ń pàṣẹ fún nígbà gbogbo kì í pẹ́ gbàgbé bí a ti ń ṣọ́ ara ẹni.

Ilẹ̀ tí mò ń gbé yìí, àbàtà ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Royal Arsenal ní Woolwich nígbà kan rí. Ní 1717 ni wọ́n kọ́ Royal Brass Foundry síbẹ̀, ilé tí wọ́n ti ń yọ́ idẹ, tí wọ́n sì ń fi í rọ ìbọn ńláńlá. Orí àbàtà yìí ni wọ́n sì ti ń dán ìbọn wò. Bí Ògún Lákáayé, Ògún Onírè, bá rìnrìn àjò dé etí odò Tẹ́mísì, Woolwich ni yóò bèèrè ilé sí. Lẹ́yìn tí omi òkun ya wọ ilẹ̀ ní 1953, tí ó sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí lọ ní etíkun ìlà-oòrùn, òfin kò gbà mọ́ kí a kọ́ yàrá tí ènìyàn yóò máa gbé sí ìsàlẹ̀ pátápátá lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn tí ó kọ́kọ́ kó wá sí Thamesmead dé ní 1968, òkè ni wọ́n ń gbé, gáréèjì ni ó sì wà lábẹ́ wọn. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú àwọn ilé kọnkéré wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n tiwa ṣì dúró, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún omi ni mo sì ń tò sípánà sí.

Níbẹ̀ ni mo ti ń bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò jiyàn lórí ohun tí ó yẹ kí a yí padà lára ọkọ̀ àti ohun tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀. Èmi kò fẹ́ràn sàlẹ́ńsà tí ń bú ramúramù ní Eastern Way láàrin òru, tí aláìsàn àti ọmọ ọwọ́ kò lè sùn nítorí rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún wọn lójú, n ó sì tún sọ ọ́. Síbẹ̀ n kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ní kí a má fọwọ́ kan ohunkóhun. Irin pẹlẹbẹ abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, níbi tí a gbé so férémù tí ó gbé àáṣì ẹ̀yìn mọ́ ọn, a máa sán bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Gbogbo ẹni tí ó mọ E46 ni ó mọ̀ ọ́n. Igi gógóró má gún mi lójú, láti òkèèrè ni a ti ń wò ó: mo ní kí wẹ́dà jó irin mìíràn mọ́ ọn kí ó tó ya. Ṣé títún ṣe ni èyí ni, àbí yíyí padà? Mo ti ro ìbéèrè yìí ju bí ó ti tọ́ lọ. Ibi tí mo fìdí rẹ̀ tì sí ni pé a lè yí ohun padà nítorí ara wa, a sì lè yí i padà nítorí ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn wa, àti pé ojú ni a fi ń dá àwọn méjèèjì mọ̀, bí a bá ti dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn wa yìí ni ó mú mi rántí iná mìíràn, n kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oníṣòwò pákó ni bàbá mi ní Ìbàdàn, nígbà tí àwọn akọrin àti ọlọ́jà gbogbo ń fi Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ yangàn. Mercedes 240D ni wọ́n ní, tí ń mu díísù. Ẹ́ńjìnì díísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ títí ó fi gbóná ni ó ń tan epo rẹ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú inú rẹ̀ móoru. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, iná kékeré kan a tàn ní dáṣíbọọ̀dù. Ìgbà tí ó bá kú ni a tó ṣíná. Ẹni tí ń wa ọkọ̀ náà, Bàbá Dírẹ́bà ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ìdájí ni wọ́n máa ń dé, wọn a fi àtẹ́lẹwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn a yẹ ọ́ìlì wò, wọn a wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn a sì gbà mí láàyè kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Nígbà tí mo bá nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́, wọn a ní, “Ìyá mi, má tíì fọwọ́ kàn án, kò tíì sọ̀rọ̀ tán.” Ọdọọdún ni wọ́n ń bá àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ bọ Ògún ní gáréèjì, ṣùgbọ́n ní tèmi, ìdájí wọ̀nyẹn ni mo rò pé wọ́n ń bọ ọ́ jù.

Bàbá mi kò mọ ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. N kò fi sọ̀rọ̀ sí wọn. Iṣẹ́ wọn ni ó ra ọkọ̀, ọ̀wọ̀ tí ó sì yẹ olówó ni wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n papòdà, tí ẹbí jókòó láti pín ogún, àbúrò wọn ni wọ́n fi ọkọ̀ náà fún. Ẹnì kan nínú àwọn obìnrin ilé dábàá pé kí wọ́n ro ti Bàbá Dírẹ́bà, tí ó tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wọ ilé. Àbúrò bàbá mi dáhùn pé, “Ẹni tí ó lẹ́rú ni ó lẹ́rù.” Ọ̀rọ̀ parí. Bàbá Dírẹ́bà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n sì gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ọkọ̀ náà kò pé ọdún kan lọ́wọ́ ẹni tí ó jogún rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lé búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé, nítorí wọn kì í dúró de iná, wọn kì í yẹ ọ́ìlì wò, wọ́n sì gbà pé ohun tí ènìyàn bá ti ni, ó ti mọ̀ ọ́n.

Mo ti wá mọ̀ nísinsìnyí pé kì í ṣe ọ̀ràn sùúrù ni àwọn iná ara M3 ń bá mi sọ, bí mo ti kọ́kọ́ rò. Ọ̀ràn ẹni tí ó ni ín ni. Nígbà tí Hans Werner Aufrecht àti Erhard Melcher dá AMG, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ́ńjìnì fún Mercedes, sílẹ̀ ní 1967, wọn kò tíì lókìkí. Ṣùgbọ́n àṣà kan ti dúró nílé iṣẹ́ náà láti ọjọ́ pípẹ́, pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò to ẹ́ńjìnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i lára. Ọkọ̀ tí ẹni náà lè má rà láéláé, orúkọ rẹ̀ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, V5C, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ránṣẹ́ sí mi sì sọ ọ́ gbangba ní ojú ìwé pé òun kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tí ó ni ọkọ̀. Olùtọ́jú rẹ̀ nìkan ni òun ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí ọ̀ràn ọkọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e. Lójú tèmi, bí ìtọ́jú bá ni òṣùwọ̀n, orúkọ Bàbá Dírẹ́bà ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ bàbá mi. Òwe tí àbúrò bàbá mi pa lọ́jọ́ náà, òwe àtijọ́ ni, àwọn àgbà ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ó tọ́ níbẹ̀, n kò sì ní pa á níwájú ọmọ mi kankan.

Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò wa, àwọn òbí rẹ̀ ti Oǹdó wá, ìlú yìí ni wọ́n sì bí i sí. Ó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ ní gáréèjì láti ìgbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Fáàfù 24 ni ẹ́ńjìnì M3 náà ní, a sì gbọ́dọ̀ máa wọn àlàfo wọn nígbà tí ó bá tutù, kí a sì fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bá a mu dí èyí tí ó bá ti fẹ̀ jù. Iṣẹ́ tí ń pin ènìyàn lẹ́mìí ni. Òun ni ó ń wọ̀n ọ́n nísinsìnyí, tí ó sì ń kọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, mo sì ti rí i tí ó dúró de iná láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì fẹ́ràn kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí ìnáwó.

Mo ti lọ bá agbẹjọ́rò mi ní Powis Street, mo ní kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé ọmọbìnrin yìí ni yóò gba ọkọ̀ náà, pẹ̀lú sípánà mi gbogbo àti àwọn ojúlówó ẹ̀yà ara rẹ̀ tí mo tú, tí mo sì tọ́jú pamọ́. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ó ní ó tọ́. Àkọ́bí bínú, ó ní, “Màámi, ọmọ tẹ́ ẹ bí ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un rò.” Mo dá a lóhùn pé mo ti rò ó.