Ooru Inú Kọ̀ǹpútà Ilé Wa

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ̀ǹpútà ilé wa kú mọ́ màmá mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kan náà. Iná kò lọ, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà. Ìwé ìkésíni àti ìwé ètò ìsìnkú ni wọ́n máa ń fi tẹ̀ fún àwọn ènìyàn, nínú owó rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń san owó ilé ìwé wa. Nígbà kẹta, iṣẹ́ ojú ewé mẹ́jọ ló bá a lọ.

Mo ní àbúrò mi ọkùnrin ló bà á jẹ́, torí òun ló máa ń gbá géèmù lórí rẹ̀. Màmá mi gbà mí gbọ́. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn mọ́. Ó sunkún, ó ní òun kọ́. N kò dá a lóhùn.

Ní Sátidé, bọ̀dá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa dé. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ sí ẹ̀yìn àpótí rẹ̀. Ó gbóná bí ìkòkò orí iná, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń jáde kò tó nǹkan. Wọ́n wo iwájú rẹ̀, wọ́n bi mí pé, "Ta ló fi aṣọ bo ibí?"

Èmi ni. Nígbà ọyẹ́, mo fi àjákù àǹkárá rán aṣọ fún un nítorí eruku, mo sì tì í mọ́ ògiri. Mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe.

Bọ̀dá ṣàlàyé fún mi. Processor, tó ń ṣe ìṣirò inú kọ̀ǹpútà, ń mú ooru wá bó ti ń ṣiṣẹ́. Irin alumíníọ́mù tó ní eyín bíi òòyà wà lórí rẹ̀ láti gba ooru náà, fáànù kékeré sì ń fẹ́ ẹ kúrò. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ tútù kò bá ríbi gba iwájú wọlé, tí èyí tó gbóná kò sì ríbi gba ẹ̀yìn jáde, afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ni fáànù á máa yí po, bí èéfín nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé. Bí ooru náà bá ń sún mọ́ ìwọ̀n 100 Celsius, ọ̀pọ̀ processor á kọ́kọ́ dín eré wọn kù. Bí kò bá tutù, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná.

Mo béèrè bóyá ká kúkú ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní eruku á túbọ̀ máa wọlé, afẹ́fẹ́ kò sì ní tọ ọ̀nà tó yẹ mọ́.

A yọ wáyà iná. Mo fi ìka di fáànù mú, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku tó ti dì bí òwú láàárín eyín irin náà. A fà á kúrò lára ògiri. Màmá mi tẹ̀wé títí di alẹ́, kò kú.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ni mo jẹ́ kí màmá mi dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo pe àbúrò mi, mo sì jẹ́wọ́ lójú wọn pé aṣọ tí mo rán ló fa gbogbo rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí títí, ó wá ní, "Ṣé mo lè wá gbá géèmù báyìí?"

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ ká aṣọ yẹn kúrò nílẹ̀.