Síìlì Ìjàpá

Ìjàpá ni àwọn Yorùbá ń pe ọkọ̀ Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí karawun ahun, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní 1975. Ẹni tí ó ṣì ní ọ̀kan ní Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ lónìí, bí ẹyin ojú ni ó ń kẹ́ ẹ.

Níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì ni rọ́bà kékeré kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní síìlì. Bí ó bá gbó, ọ́ìlì yóò máa jò díẹ̀díẹ̀ dé orí kílọ́ọ̀ṣì. Kílọ́ọ̀ṣì yóò máa yọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò máa ké, ọkọ̀ kò sì ní lágbára. Rọ́bà náà kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́.

Ibẹ̀ ni ìdánwò wà. Oníwàdùwàdù a fi òòlù gbá síìlì tuntun wọlé, a sì wọ́. Ẹni tí ó mọṣẹ́ a nu ojú ihò mọ́, a fi ọ́ìlì pa ètè rọ́bà, a tẹ̀ ẹ́ wọlé dọ́gbadọ́gba, a sì wọn bí kíráńkì ṣe ń sún síwá sẹ́yìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti padà sí àyè rẹ̀, ojú kò tún rí iṣẹ́ náà mọ́. Ọkàn mẹkáníìkì nìkan ni ó mọ̀ ọ́n, títí di ọjọ́ tí títì Òṣòdì yóò jẹ́rìí.