Òfìfo Kò Ṣófo

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń kọ́ ìmọ̀ físíìsì wọ dánfó ní Ojúẹlẹ́gba, a ń lọ sí Yaba. Bí awakọ̀ ti tẹ iná, ẹ̀yìn gbogbo wa lẹ̀ mọ́ àga. Nígbà tí ọkọ̀ wá ń lọ geerege, a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé a wà lórí ìrìn. Ọmọ náà ní, "Bùọ̀dá, ṣé ẹ rí i pé eré kọ́ ni ara ń mọ̀, àfikún eré ni?"

Ibẹ̀ ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́dún 1976, William Unruh, onímọ̀ físíìsì ọmọ Kánádà, fi ìṣirò hàn pé bí a bá gbé ohun tí a fi ń wọn ìgbóná sínú òfìfo, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ tàbí iná, tí a sì ń fi kún eré rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, yóò mọ ìgbóná lára. Èyí tí ó dúró jẹ́ẹ́ kò ní í mọ nǹkan kan. Nínú ìmọ̀ kúáńtọ̀mù, òfìfo pàápàá ń mì.

Ṣùgbọ́n ìgbóná náà kéré jọjọ. Kí ó tó lè fi dígírì kan ṣoṣo lé ní ibi tí òtútù parí sí, àfikún eré náà gbọ́dọ̀ ju ti òkúta tí ń já bọ́ láti òkè lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù 25 lọ́nà mílíọ̀nù, lọ́nà mílíọ̀nù. Ọkọ̀ wo ni yóò ṣe é?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Chalmers, lórílẹ̀-èdè Swídìn, dojú kọ ohun tí ó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀: pé dígí tí ń mì pẹ̀lú eré tí ó súnmọ́ ti ìmọ́lẹ̀ yóò fa ìmọ́lẹ̀ jáde láti inú òfìfo. Wọn kò mi dígí kankan. Ọ̀nà iná tín-ín-rín kan ni wọ́n mú tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, tí wọ́n ń yí ìwà rẹ̀ padà ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó lè ṣe bíi dígí tí ń mì. Ìmọ́lẹ̀ sì jáde lóòótọ́, irú èyí tí ojú kò lè rí, tí ó jọ èyí tí fóònù fi ń ránṣẹ́.

Mo bi ọmọ náà bóyá òun lè ṣe irú rẹ̀ níhìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá, ẹ̀rọ tí ń mú un tutù kò gbọdọ̀ kú o."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Lọ́dún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá. Òun náà wà lára àwọn tí ó jókòó sílé. Ìwé àti gègé ni Unruh fi ṣe ìṣirò tirẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ní orí tí yóò gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò ní ni iná tí kì í kú àti ilẹ̀kùn tí a kì í tì. Ọwọ́ ìjọba ni méjèèjì wà, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ tí ń wọ dánfó lọ sí kíláàsì.