Èrè Tí Kò Ṣe É Tò Sórí Pẹpẹ

Lọ́dún yìí, àwọn ọmọ wa sáré, wọ́n kọrin, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan tí kò ní ife ni inú wa dùn sí jù.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ Yorùbá tí wọn kò lè kà á. Nígbà tí Thomas Babington Macaulay fi ọmọkùnrin mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ CMS Grammar School ní Èkó ní 1859, bàbá ìyàwó rẹ̀, Àjàyí Crowther, ti wà lẹ́nu ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá. Ṣé ó wá yẹ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni yege ìdánwò, kí ó má lè ka Sáàmù fún ìyá àgbà rẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, wọ́n kọ́ àmì ohùn títí ọkọ́ fi yàtọ̀ sí ọkọ̀ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ ka Bíbélì fún àwọn arúgbó ìjọ tí ojú wọn ti di bàìbàì. Ìyá kan ní kí wọ́n tún un kà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kà á fún yín nílé. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí tiwa gbẹ.